Ìbò Kẹta Abẹ́ Máńgòrò

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ò bá òṣèlú tan, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gbé ní Ẹ́sítéètì Ìfohùnṣọ̀kan rí. Béèyàn bá ti kọjá Challenge n'Íbàdàn, tó yà sọ́wọ́ òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà, kò ní í rìn jìnnà tí yóò fi rí gèètì wọn. Ilé ibẹ̀ dára, ọ̀nà ibẹ̀ mọ́, omi kì í wọ́n wọn. Àríyànjiyàn òṣèlú nìkan ni wọn ò ní, torí pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ Alágogo. Onílé ń ṣe é, ayálégbé ń ṣe é, mẹ́gáàdì tó wá láti Kàtsínà pàápàá ń dé fìlà rẹ̀ sùn. Bí ìpàdé àwọn onílé bá ti parí, tí wọ́n sì ti gbàdúrà tán, alága á kígbe pé, "Agogo!" gbogbo ilé á sì dáhùn pé, "Á ró!" Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dáhùn pé, "Àmín."

Ẹni náà ni Ọ̀gbẹ́ni Olúrótìmí Ikúbọlájẹ́, ọmọ Iléṣà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà. Ẹgbẹ́ Onífìtílà lòun ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá ọ̀pọ̀ èèyàn rìn, èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Ilẹ̀ ni mo rà níbí, mi ò ra agogo." Ìyàwó rẹ̀, Fọláwùmí, àti Fèyísọ́lá àbígbẹ̀yìn wọn ni wọ́n jọ ń gbé, torí àwọn ọmọ tó kù ti ré kọjá òkun. Bí wọ́n bá wá ń ka ìbò lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nídìí gèètì, tí òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo èèyàn rí i, tí àwọn èrò sì ń bá a kà á, ti Alágogo á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lọ́nà ọ̀fun wọn. Tó bá kan Onífìtílà, wọ́n á ní, "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" ó parí nìyẹn, ẹ̀rín á sọ. Ọ̀gá Tíṣà á ti gbé àga onípíká rẹ̀ wá láti ilé. Á jókòó, á gbọ́ ẹ̀ta rẹ̀, á ká àga, á sì máa lọ sílé bí ẹni tó wọlé ìbò.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Fèyísọ́lá dàgbà sí. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àwọn ọmọ tí òun bá ń ṣeré lè ṣàdédé máa fi ẹgbẹ́ baba òun kọrin, kò sì sunkún torí ẹ rí. Nígbà tó dàgbà, tó kàwé tán, tó ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ní kíníìkì kan ní Ring Road, ẹnu rẹ̀ ti mú, ẹ̀rù èèyàn kì í sì í bà á. Ohun tí ń bà á lẹ́rù díẹ̀ ni pé ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì rí ọkùnrin tí yóò wò ó lójú tí kò ní í kọ́kọ́ wo baba rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ló ti ibi iṣẹ́ dé, tó rí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri wọn, tí ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà lókè rẹ̀ tó ń so bánà gbàǹgbà mọ́ irin ògiri náà. Àwòrán agogo ló wà lára rẹ̀, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Fèyí wí. "Ta ló ní kí ẹ so agogo mọ́ wa lọ́rùn?"

Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀. "Ẹ má bínú, àǹtí. Alága ló ní ká so ó kọjá títì, láti ògiri dé ògiri."

"Kó lọ so ó mọ́ ògiri tirẹ̀. Alága kọ́ ló bí mi."

"Èmi ló bí ṣá," ni ọkùnrin náà dáhùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.

Báyìí ni Fèyí ṣe mọ̀ pé Suhail nìyí, àkọ́bí Alhaji Mùstàfá Àlíù, tó lọ kàwé ní Kánò tó sì dúró ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti wá ṣí ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀lì sólà ní Dùgbẹ̀. Ó tú okùn náà tán, ó wò yí ká, kò rí òpó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún. Ó lọ gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wá, ó páàkì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì so agogo baba rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ikhlas, àbúrò Suhail, wá sílé Fèyí. Ìránṣọ ni Ikhlas, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, òun àti Fèyí sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré láìka agogo tàbí fìtílà sí. Kò tíì jókòó tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi? Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ láti Mọ́ńdè. Ọkọ̀ rẹ̀ ti di òpó. Alága ní bí ẹnikẹ́ni bá tú bánà yẹn kí ìpolongo ìbò tó tán, òun àti onítọ̀hún ni."

Fèyí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, tó sì béèrè bí ẹni pé kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, "Ṣé ó ti níyàwó?"

"Háà!" Ikhlas dìde dúró. "Jẹ́ kí n lọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn kí n tó jókòó."

Iṣẹ́ alárinà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà tí Suhail fi gba káàdì ní kíníìkì, tó jókòó sórí àga àyẹ̀wò, tó ní ojú òun ò ríran mọ́. Fèyí ní kó ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó kà wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré bí ìdin, ó sì ka orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó tẹ páálí náà mọ́ ọn.

"Ojú yín dá ṣáṣá," ni Fèyí wí. "Kí lẹ wá wá síbí?"

"Mo wá wò yín dáadáa ni. Lọ́jọ́ tí mo wà lórí àkàbà, oòrùn ń pa mí lójú."

Ìgbà wo ni Fèyí ò wá ní í fẹ́ràn rẹ̀? Ó gbìyànjú láti má fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ alága ni, ọmọ olórí Alágogo ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí baba rẹ̀ máa ń pe baba tirẹ̀ ní "àlejò wa" lẹ́yìn ogún ọdún. Síbẹ̀, bí fóònù bá ti dún lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ibẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Wọ́n ń pàdé ní ọgbà Àgódí ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń jà lórí òṣèlú, Suhail á gbèjà Alágogo, Fèyí á gbèjà Onífìtílà, wọ́n á sì padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí èrò padà, tí àwọn méjèèjì ò sì fẹ́ kí ẹnìkejì yí i. Ọjọ́ kan ni Fèyí rí i pé òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni ní ẹ́sítéètì náà jà lórí òṣèlú rí. Wọ́n kàn máa ń fi òun rẹ́rìn-ín ni. Suhail lẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn.

"Màá fẹ́ ẹ," ni Suhail wí lọ́jọ́ náà.

"Sọ fún baba rẹ kó o tó sọ fún mi," ni Fèyí dáhùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀sìn kọ́ ni wàhálà. Ìyá tó bí Alhaji Mùstàfá pàápàá, ọmọ ìjọ Àǹgílíkà ni kó tó wọlé ọkọ, irú rẹ̀ sì pọ̀ n'Íbàdàn. Ìlú ọmọ kọ́ ni wàhálà náà. Ikhlas ló mú èsì wá, ojú rẹ̀ ò sì dán bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Baba ní ọmọ dáadáa ni ẹ́, ojú àwọn lo dàgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nílé àwọn, ìbò kan làwọn ń dì. Wọ́n ní bí ọmọ Onífìtílà bá wọ ilé àwọn, kí làwọn fẹ́ sọ fáwọn àgbà ẹgbẹ́?" Ó wá jókòó. "Wọ́n ní ìdìbò ń bọ̀. Àwọn á tẹ́tí lábẹ́ máńgòrò. Bí àwọn bá gbọ́ èjì, àwọn á gbé iṣu àti oyin wá síbí fúnra àwọn. Bí àwọn bá gbọ́ ẹ̀ta, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ kì í pamọ́ ní Ìfohùnṣọ̀kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti wà lórí wọ́sáàpù àdúgbò, àwọn kan tiẹ̀ ti ń kí Alhaji kú oríire. Ọ̀gá Tíṣà kà á tán, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀.

"Suhail kọ́ ni mo kọ̀," ni baba náà wí. "Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì mọ̀wà hù. Ṣùgbọ́n owó orí ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó nílẹ̀ yìí. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba ìbò lọ́wọ́ ọmọbìnrin kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Fèyí, àgbà ni ẹ́. Bí mo bá gbọ́ èjì lábẹ́ igi yẹn, fẹ́ ọkọ rẹ, mi ò ní í ṣépè. Ẹ kàn má gbé àga tèmi síbi ìgbéyàwó náà."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá Fèyí," ni Fọláwùmí wí. "Torí ìbò kan?"

"Ẹyọ kan náà ni wọ́n fẹ́ gbà. Mẹ́ta péré la ní."

Ẹ ò rí i bí ọ̀ràn ṣe há? Ìbò kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọmọbìnrin, baba méjì sì ń tẹ́tí sí i. Bó bá dì í síhìn-ín, ó pàdánù ọkọ. Bó bá dì í sọ́hùn-ún, ó pàdánù baba. Oorun kò kun Fèyí mọ́. Ohun tó tiẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni ìbéèrè kan tí kò bi ara rẹ̀ rí: ṣé torí pé òun gbà gbọ́ lòun ṣe ń dìbò fún Onífìtílà, àbí torí pé wọ́n bí òun sínú rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bí Suhail sínú agogo? Bó bá jẹ́ ti ìbí lásán, kí ló kúkú burú nínú kéèyàn pa á tì nítorí ìfẹ́?

Ó fara balẹ̀ wò ó. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan ló ń dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórúkọ Onífìtílà lọ́dún náà. Obìnrin yìí ni ó máa ń kó àwọn arúgbó Agbówó àti Bódìjà wá sí kíníìkì wọn fún àyẹ̀wò ojú láti ìgbà tí kò tíì sí òṣèlú kankan lẹ́nu rẹ̀, tó ń di wọ́n lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Fèyí mọ̀ ọ́n, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá bí òun sí ilé Alhaji Mùstàfá gan-an, obìnrin yẹn lòun yóò dìbò fún. Bó ṣe rí èsì yìí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì tún bàjẹ́, torí ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ó sọ fún Suhail nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. "Ẹ̀ta ni wọ́n máa kà o."

Suhail mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀. Tí wọ́n bá kà á tán, màá gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé, màá dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ."

"Baba tìrẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á bínú. Wọn ò ní í pa mí."

"Mi ò fẹ́ wọlé ọkọ gba ẹ̀yìnkùlé, Suhail. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo fẹ́ gbà, kí baba méjèèjì sì wà níbẹ̀."

 Suhail di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín àwọn bátìrì, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Ọ̀gá Tíṣà gbé àga rẹ̀, òun, ìyàwó àti ọmọ sì jọ rìn lọ sábẹ́ máńgòrò. Àwọn èrò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ ibi ìdìbò lọ́kọ̀ọ̀kan.  Fèyí tẹ ìka rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ó ká ìwé, ó jù ú sínú àpótí, ó sì kí Suhail pé ó dàbọ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí ìbò dídì parí, agùnbánirọ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tú àpótí. Ó ní kò sí ìwé ìbò kankan tó bàjẹ́. Wọ́n ka ti Alágogo títí ó fi sú àwọn ọmọdé. Ó wá kan Onífìtílà. Alhaji Mùstàfá fi ọwọ́ sẹ́yìn agbádá. Ọ̀gá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ení!"

"Èjì!"

Gbogbo èèyàn ti la ẹnu láti pe ẹ̀ta. Agùnbánirọ̀ náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní ó tán.

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó yé wọn. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ Fèyí. Alhaji Mùstàfá gba àárín èrò wá, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa àtàtà!" Fèyí fẹ́ sọ̀rọ̀, ariwo bo ohùn rẹ̀. Ó wá ojú baba rẹ̀ láàárín èrò. Ọ̀gá Tíṣà ti ká àga rẹ̀, ó ti ń lọ sílé, kò sì wẹ̀yìn.

Suhail fà á sẹ́yìn igi. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. "Fèyí, ṣé torí mi lo ṣe yí i padà? Mi ò ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mi ò yí nǹkan kan padà."

"Ta ló wá..."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí bí Ọ̀gá Tíṣà ṣe lè dìbò fún agogo, ojú ọ̀run á kọ́kọ́ jábọ́. Ẹnì kan ló kù.

Fèyí bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ń bẹ iṣu. Fọláwùmí ò gbójú sókè.

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe?"

"Mo dìbò. Ṣé èmi náà ò lẹ́tọ̀ọ́ ni?" Ó gé iṣu náà sí méjì. "Alhaji fẹ́ gbọ́ èjì. Kò sọ pé ti ta ni kó dín. Baba rẹ ti ń gbọ́ ẹ̀ta láti ọjọ́ yìí, kò sì pa á lára bó bá gbọ́ èjì lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí n fi tèmi sílẹ̀ kí ìwọ lè di tìrẹ mú. Fẹ́ ọkọ rẹ, kó o panu mọ́."

Fèyí jókòó sórí àpótí kíṣìnnì, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí kò kan iṣu nù ún lójú. Kí lèèyàn máa sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Alhaji ò fi nǹkan falẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ọ̀gá Tíṣà ò bínú sí Fèyí, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù. Ó ń dáhùn bó bá kí i, ó ń béèrè bóyá ó ti jẹun, ṣùgbọ́n kò pè é wá gbọ́ ìròyìn mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń bá àwọn ará àdúgbò yòókù sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fèyí la ẹnu láti ṣàlàyé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ojú ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé náà, wọ́n dé pẹ̀lú iṣu, oyin àti orógbó. Alhaji Mùstàfá ló ṣíwájú, ìyàwó rẹ̀, Alhaja Àbẹ̀ḿbí, tẹ̀ lé e, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ pọ̀ láwùjọ. Suhail, Ikhlas àti àwọn ẹbí díẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Tíṣà jókòó, torí pálọ̀ tirẹ̀ ni. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi ara hàn, wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá. Inú Alhaji dùn débi pé nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ìparí, ó gbàgbé ibi tó wà.

"Agogo!" ni ó kígbe.

"Á ró!" ni àwọn èèyàn rẹ̀ dáhùn, nínú ilé Ikúbọlájẹ́.

Ọ̀gá Tíṣà gbójú sókè wo àjà. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Fèyí tó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. "Ìyàwó wa, a ò gbọ́ ohùn tìrẹ o. Agogo!"

Gbogbo wọn ń retí. Kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, kò sì ní í ná an ní nǹkan kan. Fèyí mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ lónìí, òun á máa sọ ọ́ títí ayé, Suhail ò sì ní í rí ẹni tó máa bá a jà ní ọgbà Àgódí mọ́.

"Àmín, sà," ni ó wí.

Ọ̀gá Tíṣà yíjú kúrò lára àjà kíá.

"Ẹ forí jì mí, sà," ni Fèyí ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ dúró dáadáa. "Inú mi dùn pé ẹ wá. Mo fẹ́ràn Suhail, mo sì fẹ́ di ọmọ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọlé yín lórí ìbò tí mi ò dì. Èjì tí ẹ gbọ́ yẹn, ọ̀kan tèmi wà níbẹ̀. Onífìtílà ni mo dìbò fún."

 Alhaji ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó tún un ṣírò. Ló bá yíjú díẹ̀díẹ̀ sí onílé. "Ọ̀gá Tíṣà! Ẹ̀yin?"

"Èmi kẹ̀?" Ọ̀gá Tíṣà fò dìde. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Èmi ni," ni Fọláwùmí wí látẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ẹ jókòó, Bàbá Fèyí. Èmi ni mo fún Alágogo. Ọmọ mi kò mọ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Ẹ ti sọ ọmọ di àjèjì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tí kò ṣe."

 Ọ̀gá Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ síbi tí Fèyí kúnlẹ̀ sí, ó sì gbé e dìde. Ó dì í mú bí ẹni pé ó ti ìrìn àjò dé.

"Fọláwùmí, àwa méjèèjì á sọ̀rọ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"A óò sọ ọ́," ni ìyàwó dáhùn. "Mo ti ní ọ̀rọ̀ tèmi nílẹ̀ náà."

Ojú Alhaji ti le. "Tó bá rí báyìí, àdéhùn wa..."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, sà," Suhail dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èjì lẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́, èjì lẹ sì gbọ́. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ Fèyí, mi ò fẹ́ ìbò rẹ̀. Agogo ni mò ń dì, agogo ni màá máa dì. Ohun tó bá wù ú ni kí òun náà máa dì."

"Nílé mi, ìbò kan là ń dì!"

"Alhaji," ni Alhaja Àbẹ̀ḿbí wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yíjú sí i, torí wọn ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. "Ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níta, mo sì máa ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ṣé ẹ ti bi mí rí?"

Alhaji ṣí fìlà kúrò lórí. 

"Ọmọ yìí rí irọ́ dídùn tó lè fi fẹ́ ọmọ wa, kò pa á," ni ìyá náà wí. "Mo fẹ́ ẹ nílé mi. Ikhlas, gbé oyin yẹn wá, kí wọ́n tọ́ ọ wò."

Alhaji mi orí pé òun gbà. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ọ̀gá Tíṣà," ni ó wí, ó ń wá ọ̀nà àtibọ́, "ẹ ṣáà gbà pé a ti rí ẹnì kan gbà nílé yín."

"Fún ìgbà kan ṣoṣo," ni Ọ̀gá Tíṣà fèsì, ó sì na ọwọ́ sí i.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéyàwó. Àga Ọ̀gá Tíṣà wà níwájú, Fèyí sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé ọkọ. Òun àti Suhail rí ilé ní Bódìjà, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ìjà òṣèlú wọn ò sì dín. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé orúkọ wọn kúrò lábẹ́ máńgòrò. Nígbà tí ọdún mẹ́rin yí po, tí ìdìbò míì dé, wọ́n gbé ọmọ wọn wá sílé.

Wọ́n ka ti Alágogo, kò kúkú kéré. Ó kan Onífìtílà. "Ení! Èjì!" Àwọn èèyàn yọ́ ojú wo Fọláwùmí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹ̀ta!" Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá Tíṣà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga rẹ̀.

"Ẹ̀rin!" ni agùnbánirọ̀ wí, òun nìkan ló sì pè é.

Ọ̀gá Tíṣà jókòó padà sórí àga tó ti ká dé ìdajì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Gbogbo ojú kọjú sí Suhail. Suhail gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Èmi kọ́ o! Agogo ni mo dì, ẹ bi ìyàwó mi."

Alhaji Mùstàfá ò bi ẹnikẹ́ni. Ó yíjú wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Alhaja Àbẹ̀ḿbí ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbójú sókè sí igi bí ẹni tó fẹ́ ra máńgòrò. Alhaji rìn lọ bá a, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé Fèyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

"Àbẹ̀ḿbí, ta lo dìbò fún?"

Ìyá náà wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ ṣeun, Alhaji," ni ó wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí."

Ó wá gba ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Fèyí, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Alhaji tẹ̀ lé e. Ó gbàgbé láti kígbe agogo.